Pàṣán ìyálé ní Abidjan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ṣẹ lójú gbogbo ayé, kó wo Abidjan. Lọ́dún 1994, ẹgbẹ́ òṣèlú kan dìde níbẹ̀, ó ní kò yẹ kí wọ́n máa torí ibi tí bàbá ènìyàn ti wá dí ọ̀nà òṣèlú mọ́ ọn. Wọ́n fojú ẹgbẹ́ náà rí màbo. Wọ́n ti àwọn olórí rẹ̀ mọ́lé, wọ́n lé aṣáájú rẹ̀ kúrò nílùú, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà dé orí àlééfà. Lọ́dún 2025, tí ẹgbẹ́ náà ti lo ọdún mẹ́rìnlá nípò, ilé ẹjọ́ yọ orúkọ alátakò rẹ̀ kan tó lórúkọ dáadáa kúrò nínú ìwé àwọn olùdìbò. Wọ́n ní ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire mọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbọ́ Faransé nìkan nìyí. Ó kan ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà ní ìparí ọdún 1969, àwọn kan nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kò padà wálé, Côte d'Ivoire ni wọ́n kọjá sí. Títí dòní, ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan, ó ń gba Benin, Tógò àti Gánà kọjá. Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Yorùbá. Ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville tàbí Adjamé ń sọ Yorùbá nínú ilé, ó ń sọ Faransé lójú títì, bàbá rẹ̀ sì ń kọ́ ilé sí Èjìgbò. Bí wọ́n bá wá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọmọ ibo ni, kí ni kó sọ? Ìbéèrè yẹn gan-an ló da Côte d'Ivoire rú.

Orúkọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ni Rassemblement des Républicains, àmọ́ RDR ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹgbẹ́ líbẹ́rà ni. Nílẹ̀ Yúróòpù, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. FDP wà ní Jámánì láti ọdún 1948, D66 wà ní Netherlands láti ọdún 1966, Liberal Democrats sì wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1988. Àárín ni wọ́n máa ń jókòó sí: ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wà lápá òsì wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n ń wàásù kò ju mẹ́ta lọ: kí ènìyàn lómìnira láti sọ tẹnu rẹ̀, kí oníṣòwò ríbi ṣòwò láìjẹ́ pé ìjọba ń dí i lọ́wọ́, kí òfin má sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Liberal International, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oxford lọ́dún 1947. RDR wà nínú rẹ̀. Nínú ohun mẹ́ta yẹn, ẹ̀kẹta ni ìtàn RDR dá lé.

Félix Houphouët-Boigny ló ṣe Ààrẹ Côte d'Ivoire láti ìgbà òmìnira lọ́dún 1960 títí tó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1993. Láyé rẹ̀, wọ́n gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀. Oko kòkó àti oko kọfí ń fẹ́ lébìrà, ọjà ń fẹ́ ọlọ́jà, Abidjan sì ń fẹ́ àwọn tí yóò kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn wá láti Burkina Faso, Mali, Gánà, Benin àti Nàìjíríà. Títí di ọdún 1990, àwọn àlejò tó wá láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń dìbò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílé. Nígbà tí wọ́n ka iye ènìyàn lọ́dún 1998, àlejò lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà.

Ṣùgbọ́n owó kòkó já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, gbèsè gorí gbèsè. Ilé tí oúnjẹ ti tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ka iye ẹnu tó ń jẹun. Lọ́dún 1990, Houphouët-Boigny pe onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan wá ṣe mínísítà àgbà, kó lè bá a tún àpò ìjọba ṣe. Alassane Ouattara ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní àjọ IMF, òun sì ni gómìnà báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó sẹ́fà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í sábà sọ: ìjọba tó jẹ́ olórí rẹ̀ yìí ló mú ìwé ìgbélùú wá, èyí tí àlejò ń sanwó gbà. Ìwé yẹn ni ọlọ́pàá ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà lójú títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2007, nígbà tí Laurent Gbagbo wà nípò, ni wọ́n tó mú un kúrò lórùn àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS.

Nígbà tí Houphouët-Boigny kú, òfin ní olórí ilé aṣòfin ni kó gbapò. Henri Konan Bédié nìyẹn. Ouattara fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí IMF. Àwọn aṣòfin kan nínú PDCI, ẹgbẹ́ tí Houphouët-Boigny fi sílẹ̀, kò fara mọ́ Bédié. Djéni Kobina ló ṣáájú wọn. Wọ́n jáde, wọ́n sì dá RDR sílẹ̀ lọ́dún 1994. Kò tíì pé ọdún kan tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin ìdìbò tuntun: ẹni tó bá fẹ́ ṣe Ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire, bàbá àti ìyá rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú òfin náà, àmọ́ gbogbo ìlú mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Àwọn alátakò Ouattara ní ọmọ Burkina Faso ni bàbá rẹ̀. Òun ní irọ́ ni, pé ọmọ Côte d'Ivoire ni bàbá òun àti ìyá òun. Ìlú Dimbokro, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1942. Ó kàwé ní Burkina Faso, tí wọ́n ń pè ní Upper Volta nígbà náà, ó sì kàwé dé Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo ariwo yìí, ohun kan wà tí kò yẹ kí ènìyàn gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bí Ouattara, Faransé ti pín Upper Volta mọ́ àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, apá tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ Côte d'Ivoire títí di ọdún 1947. Òyìnbó ló fa ààlà, òyìnbó ló pa á rẹ́, òyìnbó ló tún un fà. Àmọ́ nígbà tó di ọdún 1994, àwọn ènìyàn ń fi ààlà yẹn wọn ara wọn bí ẹni pé ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Orúkọ kan jáde fún èrò yìí: ivoirité. Bédié àti àwọn tó yí i ká ló gbé e lárugẹ. Wọ́n ní àṣà àti ìwà ọmọlúàbí ọmọ Côte d'Ivoire ni àwọn ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ojú títì, ohun tó dà ni pé orúkọ ènìyàn ti di ẹ̀sùn. Ouattara, Coulibaly, Traoré, Koné: irú orúkọ báwọ̀nyí wà ní àríwá Côte d'Ivoire, wọ́n wà ní Mali, wọ́n wà ní Burkina Faso. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kú sí Korhogo wá di ẹni tó ń wá ìwé kiri láti fi hàn pé òun kì í ṣe àlejò. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí àríwá. Djéni Kobina, ọmọ gúúsù, fẹ́ dù ipò aṣòfin lọ́dún 1995, wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe, pé Gánà ni ẹbí rẹ̀ ti wá.

RDR pa ìbò Ààrẹ tì lọ́dún 1995. FPI, ẹgbẹ́ Laurent Gbagbo, náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bédié wọlé pẹ̀lú ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Djéni Kobina kú lọ́dún 1998. Lọ́dún 1999, Ouattara padà wá di olórí RDR, Henriette Dagri Diabaté sì di akọ̀wé àgbà. Ìyá yìí kì í ṣe ẹni kékeré. Onímọ̀ ìtàn ni, òun ló kọ ìwé nípa àwọn obìnrin tó rìn lọ sí Grand-Bassam lọ́dún 1949 láti béèrè fún àwọn olóṣèlú tí Faransé tì mọ́lé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti òun náà mọ́lé pẹ̀lú àwọn olórí ẹgbẹ́ mìíràn. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1999, tí ọ̀gágun Robert Guéï sì gorí àlééfà.

Lọ́dún 2000, wọ́n kọ òfin ilẹ̀ tuntun, àríyànjiyàn tó le jù lọ sì wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ju lẹ́tà méjì lọ lédè Faransé. Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ pé bàbá "tàbí" ìyá ẹni tó fẹ́ ṣe Ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire, àbí kí wọ́n kọ ọ́ pé bàbá "àti" ìyá? "Àti" ló borí. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé RDR fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni, torí Ouattara gbà pé òfin náà kò lè mú òun. Ìwé òfin náà kọjá pẹ̀lú ìdá tó lé ní 86. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ já olùdíje mẹ́rìnlá nínú mọ́kàndínlógún dànù. Ouattara wà nínú wọn, Bédié tó kọ́kọ́ mú pàṣán náà wá sì wà nínú wọn pẹ̀lú.

Gbagbo ló wọlé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ RDR tú síta, wọ́n ní kí wọ́n tún ìbò náà dì, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹwàá, wọ́n rí òkú ènìyàn 57 nínú igbó ní Yopougon, ní Abidjan. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀, orílẹ̀-èdè pín sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀. Lára ẹ̀dùn ọkàn àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ni pé wọn kì í fún àwọn ènìyàn wọn ní káàdì ìdánimọ̀. Ouattara sá wọ ilé aṣojú ìjọba Jámánì, ibẹ̀ ló gbà dé ilé aṣojú Faransé, kó tó jáde kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n wá dìbò lọ́dún 2010, òun ni àjọ elétò ìdìbò kéde, pẹ̀lú ìdá 54. Gbagbo kò gbà, ogun tún bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sì kú kí wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ọjà sílẹ̀ sá wálé láàárín àwọn ọdún yẹn.

Bí RDR ṣe dé orí àlééfà nìyẹn, ó sì yẹ kí ènìyàn sọ ohun tó ṣe tó dára. Lọ́dún 2013, wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn kan tó ti pẹ́ nílùú lè fi ìkéde lásán di ọmọ orílẹ̀-èdè: àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ṣáájú òmìnira, àti àwọn kan tí wọ́n bí síbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn náà. Lọ́dún 2014, wọ́n ṣí afárá kẹta ní Abidjan. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló kọ́ ọ, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá, gẹ́gẹ́ bí àwọn líbẹ́rà ṣe fẹ́ kí nǹkan máa rí. Orúkọ Bédié, ọ̀tá àná, ni wọ́n fi pe afárá náà. Lọ́dún 2012, Liberal International kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣèpàdé ní Abidjan. Nígbà tí wọ́n sì kọ òfin ilẹ̀ tuntun lọ́dún 2016, "àti" di "tàbí." Bàbá tàbí ìyá, ọ̀kan ti tó. Ọ̀rọ̀ kékeré tó fa ogun, wọ́n fi kálàmù tún un ṣe.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, ì bá dùn púpọ̀. Lọ́dún 2019, RDR àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn parapọ̀ di RHDP, PDCI sì yà kúrò. Lọ́dún 2020, Ouattara ti ní òun kò ní dù ipò mọ́. Ẹni tó yàn, Amadou Gon Coulibaly, kú ní oṣù Keje, bàbá bá padà sínú ìdíje. Ó ní òfin ọdún 2016 ti jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oókan. Àwọn alátakò pa ìbò tì, ó sì wọlé pẹ̀lú ìdá 94.

Nígbà tó di ọdún 2025, Tidjane Thiam ni PDCI fẹ́ fà kalẹ̀. Òun ló ti ṣe ọ̀gá àgbà báńkì Credit Suisse nílẹ̀ Switzerland. Lọ́dún 1987, ó gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé, ó sì dá a padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 kó lè díje. Ní oṣù Kẹrin, ilé ẹjọ́ kan ní Abidjan ní ọjọ́ tó di ọmọ Faransé ló ti pàdánù ti Côte d'Ivoire, gẹ́gẹ́ bí òfin tó ti wà látìgbà òmìnira. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ Gbagbo náà kò sí nínú ìwé, torí ẹjọ́ tí wọ́n ti dá a lẹ́bi rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, Ouattara wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú ìdá 89.77. Ẹni ọdún 83 ni nígbà náà.

Àwọn ará RHDP ní ìdáhùn, ó sì yẹ kí ènìyàn gbọ́ ọ. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ ló dájọ́, kì í ṣe ìjọba. Wọ́n ní ẹjọ́ Thiam kò rí bíi ti Ouattara: Thiam fọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé orílẹ̀-èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ ìdí bàbá ni wọ́n torí rẹ̀ fìyà jẹ Ouattara. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ti tọ́ pàṣán wò mọ bó ṣe ń ta. Òun ló ṣàtúnṣe òfin ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́dún 2013, òun ló yí "àti" padà lọ́dún 2016. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ pé àríyànjiyàn nípa ìwé ẹni kò tún gbọdọ̀ gba ìbò lọ́wọ́ aráàlú. Èyí tó kan ẹgbẹ́ náà ló tún ṣe, ó fi èyí tó lè kan alátakò sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó rọrùn láti pariwo pé kí òfin má mọ ojú ènìyàn nígbà tó bá jẹ́ pé ojú tẹni ni òfin ń wò. Ọjọ́ tí ẹni tí a kò fẹ́ràn bá dúró níwájú adájọ́ ni wọ́n máa ń mọ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Kí wá ni kí ìdílé tó wà ní Èjìgbò, ní Ìbàdàn tàbí ní Adjamé mú nínú èyí? Àkọ́kọ́ ni ìwé. Bíbí tí wọ́n bí ọmọ sí Côte d'Ivoire kò sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀, àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Àmọ́ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ibikíbi tí wọ́n bá bí ọmọ sí lókè òkun, bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni òun náà. Nítorí náà, kí wọ́n lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní mérì láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí i, kí wọ́n sì mú ìwé náà lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Nàìjíríà. Kí ìwé bàbá àti ìwé ìyá má sọnù, kí wọ́n má sì jẹ́ kí akọ̀wé ṣi orúkọ kọ. Ẹni tó bá rò pé ìwé kì í ṣe nǹkan, kó rántí pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè pàápàá fi ọ̀pọ̀ ọdún wá tirẹ̀.

Èkejì wà nílé. Ní Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos tàbí Kano, tó dàgbà síbẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣì máa ní kó lọ gba ìwé ọmọ onílẹ̀. Inú sì máa ń bí i. Ṣùgbọ́n ní ìdìbò gómìnà Èkó lọ́dún 2023, àwọn kan dúró síbi àpótí ìbò, wọ́n ń fi orúkọ àti ìrísí mọ ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó dìbò. Àwọn tí wọ́n lé padà lọ́jọ́ yẹn ń san owó orí ní Èkó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn bí ọmọ sí. Yorùbá tí kò fẹ́ kí wọ́n bi ọmọ òun ní Treichville pé ta ni bàbá rẹ̀ kó tó jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò yẹ kó bi ọmọ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Bédié ló so pàṣán yìí mọ́ àjà ní Abidjan, ó nà án lára òun náà lọ́dún 2000. Ouattara jẹ nínú rẹ̀ títí ó fi dé ipò tó ti lè sọ ọ́ síná, kò sì sọ ọ́ síná. Ilé yòówù tí pàṣán náà bá ṣì wà, kí wọ́n tètè mú un sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń sunkún.